Mo Rò Pé Oríkì Mi Ni Wọ́n Ń Kì

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni obìnrin kan tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ní Láfẹ́nwá kó ìwé ìṣirò ọmọ ẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ará Kútọnu ni wọ́n, wọn ò tíì lò tó oṣù márùn-ún ní Abẹ́òkúta, èmi ni mo sì gbọ́ Faransé jù ládùúgbò, torí náà èmi ni wọ́n ń kó gbogbo ìwé wá fún, ìwé iná, ìwé oògùn, ìwé tí landlọ́ọ̀dù kọ pé kí wọ́n má dáná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Tọjọ́ yẹn, ìwé ọmọ ni. Ó ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, ọmọ yìí mọ ìṣirò dáadáa níbi tá a ti ń bọ̀, kí ló dé tó jẹ́ òdo ló ń gbé wálé níbí?

Mo ṣí ìwé yẹn. 12 + 9, ọmọ kọ 21, tíṣà fi bíró pupa dábùú ẹ̀. 15 − 4, ọmọ kọ 11, pupa. Mo wò ó títí, mo fẹ́ máa bínú sí tíṣà, àfi bí mo ṣe gbé ìwé yẹn sún mọ́ ojú tí mo sì bú sẹ́rìn-ín, obìnrin yẹn rò pé òun ni mò ń fi rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé ara mi ni mo rí níbẹ̀. Ẹ wò ó, 1 tiwa, igi kan ló dúró gbọnrangandan. 1 tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní sùkúù Faransé ò rí bẹ́ẹ̀, ìlà kékeré kan máa ń kọ́kọ́ gun òkè wá láti apá òsì, lẹ́yìn náà ló máa wá já sílẹ̀, ọmọ tó bá wá fa ìlà kékeré yẹn gùn báyìí, 7 ni lójú wa. 7 tiwọn, wọ́n máa ń fi ìlà dábùú ẹ̀ láàárín kó má baà jọ 1. So 21 tí ọmọ yìí kọ, 27 ni tíṣà rí. 11, ó rí 77. Ta ló máa fún èèyàn ní máàkì tó bá ní 15 yọ 4 kù 77?

Irú 1 yẹn ni wọ́n fi lù mí ní 2003.

Abidjan ní Kodifúà (Côte d'Ivoire) ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Adjamé. Èjìgbò ni bàbá mi ti wá, ẹni tó bá mọ Èjìgbò á mọ̀ pé àárín Èjìgbò àti Abidjan, bí ilé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, bọ́ọ̀sì ń gbéra níbẹ̀ lọ sọ́hùn-ún tààrà, agbolé tí ò bá lẹ́nì kankan ní Kodifúà, ẹ béèrè pé kí ló ṣe wọ́n. Ìyá mi ló jẹ́ ará Abẹ́òkúta. Àwọn èèyàn sì máa ń bi mí títí dòní pé ṣebí ọmọ Yorùbá ni ẹ́, báwo lo ṣe máa ní o ò gbọ́ Yorùbá nígbà tó o dé? Mo gbọ́ o. Mo gbọ́ wá jẹun. Mo gbọ́ lọ wẹ̀, pa iná yẹn, ta ló jẹ ẹran inú ọbẹ̀, màá nà ẹ́ lónìí. Yorùbá àṣẹ. Gbogbo Yorùbá tí mo gbọ́, òkè ló ti ń já bọ̀ lé mi lórí, mi ò ní èyí tí mo lè fi fèsì, Faransé ni mo fi ń dá ìyá mi lóhùn, a sì mọ ara wa bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà. Eré, Faransé la fi ń ṣe é. Ìjà, Júlà tá a gbọ́ lọ́jà. Ìjà dùn ní Júlà, ẹ má bi mí.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2002 ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Abidjan kílẹ̀ tó mọ́. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ yẹn fi pín sí méjì, àwọn ọlọ̀tẹ̀ wà lápá òkè, ìjọba wà nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ta lọmọ onílẹ̀ ta ni àjòjì tí wọ́n ti ń fà látọjọ́ tó ti pẹ́ wá di ohun tó ń pa èèyàn. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2003 bàbá mi ní kí ìyá mi kó wa lọ sílé, òun á dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo rántí jù nínú ìrìnàjò yẹn ni bí etí mi ṣe ń kú tó ń jí. A wọ Gánà ní Elubo, etí mi kú, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. A dé Lomé, etí mi jí, ọlọ́pàá kan bú dírẹ́bà wa ní Faransé, inú mi sì dùn pé mo gbọ́ gbogbo èébú yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kútọnu, ó ṣì wà láyé. Sẹ̀mẹ̀, ó tún kú. Ti Sẹ̀mẹ̀ yẹn pẹ́ kó tó jí.

Ilé ìyá ìyá mi ní Láfẹ́nwá la balẹ̀ sí, Màmá Àgbà, wọ́n ń ṣe láfún tà. Ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n mú mi lọ sí sùkúù. Ní Abidjan, CE2 ni mo wà, ìyẹn ìwé kẹrin tí wọ́n bá kà á láti ìsàlẹ̀, ipò kejì ni mo gbà ní tẹ́ẹ̀mù tó kẹ́yìn, ìyá mi tọ́jú rísọ́ọ̀tì yẹn sínú báàgì bíi pé ìwé ilẹ̀ ni. Hẹdimísírẹ́ẹ̀sì wò ó, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó dá a padà. Ó ní kí n ka ABD. Mo kà á. Ẹ rántí pé bí Faransé ṣe ń pe lẹ́tà kọ́ ni a ṣe ń pè é, G di jé, J di ji, H di áàṣì, W, kí n má tíì débẹ̀. Mo débi H, obìnrin yẹn gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Ó wojú ìyá mi, ó ní Ìyá, ọmọ yín ò mọ ABD o. Ìyá mi ṣàlàyé ṣàlàyé, ó rẹ̀ ẹ́. Ìwé kìíní ni wọ́n jù mí sí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, orúnkún mi ń kan abẹ́ tábìlì, mo wá ga ju gbogbo wọn lọ bí òpó iná. Tíṣà á kọ 2 + 3 sójú bọ́ọ̀dù, èmi tí mo ti ń ṣe ìṣirò pínpín gígùn ní Abidjan. Tó bá sú mi, màá ṣí ẹ̀yìn ìwé, màá fún ara mi ní ìṣirò pínpín màá máa ṣe é. Ọjọ́ kan tíṣà ká mi mọ́ ọn. Ẹ mọ̀ pé pínpín tiwọn ò jọ tiwa, nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́ pín á wà lápá òsì, èyí tí wọ́n fi ń pín in á wà lápá ọ̀tún, wọ́n á wá fa ìlà sáàárín àti sábẹ́ ẹ̀ bí igun ilé. Tíṣà wò ó, ó gbá mi lórí, ó sọ̀rọ̀, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ló wá túmọ̀ ẹ̀ fún mi lẹ́yìn ọdún kan: ó ní kí n yé ya ilé sínú ìwé.

Mi ò sọ̀rọ̀ ní kíláàsì yẹn fún tẹ́ẹ̀mù kan gbáko. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá mi pé kó lọ yẹ etí mi wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, etí ò ṣe nǹkan kan. Màmá Àgbà ní ẹ̀mí kan ló dì mí lẹ́nu lọ́nà, wọ́n mú mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n da òróró sí mi létí méjèèjì, ó wọlé, ó sì gba ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò fi gbọ́ ohunkóhun lóòótọ́. Ṣé ẹ rí i, ọmọ ọwọ́ ń lò tó ọdún kan tó ń gbọ́ kó tó sọ, kò sẹ́ni tó gbé e lọ ta òróró sétí, gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èdè tuntun náà mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá já sínú èdè àjòjì máa ń dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe òfìfo. Àlejò lójú kò fi ríran, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀. Ti àlejò tó wà ní sùkúù tún burú sí i, ó létí kò fi gbọ́ràn, wọ́n á sì ní orí ẹ̀ ni kò pé.

Ẹ jẹ́ n sọ ti orin yẹn.

Ìgbà bírékì ni, wọ́n tó bí ogún, wọ́n yí mi ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: olódo rabata, ojú ẹja ló mọ̀ ọ́n jẹ! Ẹ ò lè mọ bí orin yẹn ṣe dùn tó tẹ́ ò bá gbọ́ ìtumọ̀ ẹ̀. Mo gbọ́ ojú. Mo gbọ́ ẹja. Mo gbọ́ jẹ. Èmi dẹ̀ fẹ́ràn ojú ẹja lóòótọ́, nílé wa ní Adjamé èmi ni wọ́n máa ń yọ ọ́ fún, mo wá ní ta ló sọ fún wọn? Mo rò pé oríkì mi ni wọ́n ń kì. Inú mi dùn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tẹ́nikẹ́ni máa dá mi mọ̀ ní sùkúù yẹn, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo jó o. Mo tẹ̀, mo yí ìdí. Bí mo ṣe ń jó tó bẹ́ẹ̀ ni orin ń le sí i.

Mo gbé orin yẹn délé, mo ń kọ ọ́ níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Màmá Àgbà ń jọ láfún lọ́wọ́, wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ta ló kọ́ ẹ ní i? Mo fọwọ́ júwe sùkúù. Mo wá fi Yorùbá jágbajàgba mi bi wọ́n léèrè pé kí ni olódo. Wọn ò dáhùn kíákíá. Wọ́n jọ láfún sí i díẹ̀, wọ́n gbọn ajọ̀, wọ́n ní olódò ni, ẹni tó ni odò. Wọ́n nawọ́ sí ọ̀nà ibi tí odò Ògùn ti ń gba abẹ́ afárá kọjá, wọ́n fọwọ́ gbá mi láyà, wọ́n ní ìyẹn, ìwọ lo ni ín.

Ọjọ́ kejì mo dé sùkúù, mo gbé àyà síwájú, mo sì sọ gbólóhùn Yorùbá àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ yẹn gbọ́ lẹ́nu mi. Mo ní: èmi ni mo ni odò. Wọ́n wo ara wọn. Ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nígbà tó dìde, ó fà mí lọ́wọ́ pé kí n wá ṣe tẹ́ń-tẹ̀n. Òun lọ̀rẹ́ mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ kí n tó mọ ohun tí olódo jẹ́, lọ́jọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, mo sunkún nítorí ijó tí mo jó yẹn ju orin lọ.

Tẹ́ń-tẹ̀n ló kọ́ mi ní Yorùbá. Tẹ́ń-tẹ̀n àti súwè àti bojúbojú àti ìyá aláta tó wà lẹ́nu géètì sùkúù, tí kò ní ta kúlíkúlí fún èèyàn àfi téèyàn bá kí i dáadáa. Láàárín oṣù mẹ́fà mo ti ń bá èèyàn jà ní Yorùbá, Yorùbá Ẹ̀gbá pàápàá, ìyá mi ní bí mo ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yẹn bíi pé Màmá Àgbà ló bí mi tààrà. Ẹ wá wo ìdààmú tó wà níbẹ̀: wọ́n ò gbà kéèyàn sọ ọ́! Ní sùkúù yẹn, fanákúlà ni wọ́n ń pe Yorùbá, kápítéènì á máa kọ orúkọ àwọn tó bá sọ ọ́, tí ago bá lù, ẹgba. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ èdè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń nà wọ́n lórí èdè yẹn kan náà. Ẹgba àkọ́kọ́ tí mo jẹ lórí Yorùbá, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìgbéraga, torí ó túmọ̀ sí pé kápítéènì gbọ́ ohun tí mo sọ, ó sì yé e.

Obìnrin ará Kútọnu yẹn sọ fún mi pé bàbá bàbá òun rí tiwọn náà, nígbà ìjọba Faransé, ọmọ tó bá sọ èdè ilé ní sùkúù, wọ́n á gbé nǹkan kan kọ́ ọ lọ́rùn, á wà lọ́rùn ẹ̀ títí á fi ká ẹlòmíì mọ́ ọn tí á gbé e fún un. Mo ní tiwa, wọn ò gbé nǹkan kan kọ́ wa lọ́rùn, ìdí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ohun tí mo wá rí nígbà tí mo dàgbà rèé, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jiyàn: nínú kíláàsì yẹn, èmi nìkan kọ́ ni àlejò. Òyìnbó ni tíṣà fi ń kọ́ wa, tàbí ká ní ó ń gbìyànjú, ọmọ ọdún mẹ́fà tó jí ní Láfẹ́nwá láàárọ̀, tí ìyá ẹ̀ fi Yorùbá wẹ̀ fún un, tó fi Yorùbá ra àkàrà, bó bá ti ju ẹsẹ̀ kan sínú kíláàsì, etí ẹ̀ náà á kú bí tèmi ṣe kú ní Elubo. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn pọ̀, wọ́n jọ dití ni, wọ́n jọ ń fi ẹnu tẹ̀lé tíṣà pé yẹ́ẹ̀s mà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kò yé wọn. Tèmi ló hàn.

Kì í sì í ṣe pé a ò mọ̀. Nítòsí wa níbí, ní Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó àwọn ọmọ kan jọ ní sùkúù kan ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, òyìnbó wá jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí òyìnbó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ò mọ̀wé tó wọn, títí kan òyìnbó fúnra ẹ̀. Ìwé òfin ètò ẹ̀kọ́ 1977 ní kí wọ́n fi èdè ilé bẹ̀rẹ̀ praimárì. Oṣù kọkànlá 2022 ìjọba àpapọ̀ tún ní ó di títí wọ́n á fi parí praimárì. Oṣù kọkànlá 2025 mínísítà ní wọ́n ti fagi lé e, òyìnbó ni látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn torí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹnì kan máa ní, ìwọ obìnrin yìí, ká ní Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ yín nígbà yẹn, ṣé ìwọ ọmọ Abidjan máa gbọ́ ni? Òótọ́ ni, mi ò ní gbọ́. Àmọ́ ẹ kà á dáadáa. Yorùbá, mo ní gbogbo Láfẹ́nwá tó máa kọ́ mi: ọ̀rẹ́ mi, aláta, Màmá Àgbà, àwọn ọlọ́kadà. Oṣù mẹ́fà ló gbà mí. Òyìnbó, ẹnu tíṣà nìkan ló wà, tíṣà náà ò sì gbọ́ ọ dáadáa, tí bírékì bá ti dé, òun fúnra ẹ̀ ti padà sí Yorùbá pẹ̀lú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ ẹ̀ lábẹ́ igi. Èdè tí kò lẹ́nu láàárín ìlú, níbo lọmọ ti máa gbọ́ ọ?

Nígbà tí mo fi máa dé ìwé kẹrin (wọ́n fò mí lẹ́ẹ̀kan), gbogbo èèyàn ti gbà pé ó ti tán. Ó gbọ́ Yorùbá, ó ń sọ òyìnbó, kí ló kù? Ìyẹn ló tún burú jù. Torí mo lè ní gúù mọ́níì, mo lè ní Anti pulíìsì may ai go aut, wọ́n rò pé mo gbọ́ òyìnbó ìwé. Wọ́n á gbé ìwé kíkà fún wa, ìtàn ojú ewé kan, ìbéèrè márùn-ún nísàlẹ̀, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò sọ nǹkan kan fún mi. Wọn ò pè mí ní olódo mọ́ o, ọ̀lẹ ni wọ́n wá ń pè mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Kánádà kan wà tó ń jẹ́ Jim Cummins, láti nǹkan bíi 1979 ló ti ń sọ pé méjì lohun tá à ń pè ní gbígbọ́ èdè, ti ẹnu, tí ọmọ fi ń ṣeré, kì í ju bí ọdún méjì lọ, àmọ́ ti ìwé, tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, ó lè gba ọmọ àjòjì tó ọdún márùn-ún sí méje kó tó bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dọ́gba. Ìgbà tí mo ka ìyẹn, mo ti lé lógún ọdún, mo kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, mo lọ jókòó síta. Ọdún márùn-ún sí méje. Ọ̀lẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Jámánì báyìí, ní Berlin, nígbà tó kó ọmọ ẹ̀ dé, wọn ò jù ú sí kíláàsì ìsàlẹ̀ bíi tèmi, kíláàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Willkommensklasse, kíláàsì ẹ-káàbọ̀, níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọ tí ò gbọ́ Jámánì sí kí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn lédè kí wọ́n tó kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Mo ní ìyẹn dáa gan-an. Ó ní dúró ná, ta ni yóò bá ṣeré? Ọmọ Síríà, ọmọ Úkíréènì, ọmọ Vietnam, gbogbo wọn ló ń wá èdè Jámánì, kò sí ọ̀kan tó ní in lọ́wọ́. Mo rántí tẹ́ń-tẹ̀n, mo dákẹ́. Mi ò mọ èwo ni mo máa mú nínú méjèèjì ká ní èmi ni wọ́n bi. Kíláàsì ẹ-káàbọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n sì tú wọn sáàárín àwọn ọmọ onílùú nígbà bírékì àti bọ́ọ̀lù àti orin, bóyá.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé jíjókòó kan náà kì í ṣe ẹ̀tọ́ kan náà. Tíṣà mi máa ń sọ ọ́ fún ìyá mi: Ìyá, bọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo wọn ń wò, ìwé kan náà ni mo fi ń kọ́ wọn, mi ò yà á sọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí ọmọ Ṣáínà gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. San Francisco ni, àwọn ọmọ bíi 1,800 wà tí wọn ò gbọ́ òyìnbó tí ẹnikẹ́ni ò sì ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn aláṣẹ sùkúù ní gbogbo wọn kúkú ní tíṣà kan náà, ìwé kan náà. Ní 1974 ilé ẹjọ́ dá wọn lóhùn pé ọmọ tí ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, ẹ ò fún un ní nǹkan kan rárá bẹ́ ẹ bá fún un ní gbogbo ìwé ayé. Ìyá mi ò mọ̀ pé èèyàn lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Àdúrà ló ń gbà.

Tí mo bá sọ irú èyí ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá kan wà tó máa ń fi Àjàyí Crowther dá mi lóhùn. Àwa ará Abẹ́òkúta dẹ̀ fẹ́ràn ìtàn yẹn. Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Ọ̀ṣọọ̀gùn ní 1821, ọmọdé ni, ọkọ̀ ojú omi àwọn gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e sọ̀ sí Freetown, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan, wọ́n fi òyìnbó kọ́ ọ, kò pẹ́ tó fi ń ka Bíbélì. Ó padà wá síbí ní 1846, ó rí ìyá ẹ̀ tí kò rí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Bàbá yẹn á wá ní, ta ló ṣe kíláàsì ẹ-káàbọ̀ fún Àjàyí? Mo máa ń ní Bàbá, ẹ ṣeun sà. Àmọ́ kì í ṣe Àjàyí nìkan ló bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Àwọn ọmọ tó kù ńkọ́? Ta ló mọ orúkọ wọn? Yàtọ̀ síyẹn, ẹ wo iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn wá fi ayé ẹ̀ ṣe nígbà tó dàgbà: ó jókòó, ó ń kọ èdè ìyá ẹ̀ sílẹ̀, ó ń túmọ̀ Bíbélì sí i, kí ẹlòmíì má baà rìn dé Freetown kó tó kàwé. Bàbá á ní èmi náà ti ń jiyàn jù.

Faransé yẹn ń fún mi lóúnjẹ báyìí sha. Àdìrẹ ni mò ń tà, tí àwọn oníbàárà bá ti Lomé àti Kútọnu wá sọ́jà Ìtòkú, wọ́n á pè mí kí n wá bá wọn nájà, màá gba tèmi níbẹ̀. Orí tí wọ́n ní kò pé.

Ká padà sí Ọjọ́bọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀lé obìnrin yẹn lọ sí sùkúù ọmọ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, kí n má purọ́, mo ti ń ronú Júlà. Mo wá rí tíṣà. Ọmọ kékeré ni, kò tíì lè pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ọmọ méjìléláàádọ́ta ló wà níwájú ẹ̀, ohùn ẹ̀ ti há. Mo fi ìwé hàn án, mo fi bíró ya 1 tiwa àti 1 tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wò ó, ó bo ẹnu, ó ní háà, Àǹtí, ẹ má bínú, mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Ojú ẹsẹ̀ ló fa ìwé yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un máàkì níwájú wa. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹyọ kan tó kù, 8 + 6, ó kọ 15, ìyẹn ò kan Faransé, òun ló ṣì í.

Mo bẹ tíṣà yẹn pé kó jẹ́ kí ọmọ jókòó ti ẹnì kan tó lẹ́nu dáadáa, kó má fi í sẹ́yìn níbi tí wọ́n fi í sí yẹn. Ó ní òun á ṣe é. Mo gbà á gbọ́, kì í ṣe pé ó ní ọ̀pọ̀ àyè ṣá.

Nígbà tá à ń lọ sílé lọ́sàn-án, èmi àti ọmọ yẹn ni, ìyá ẹ̀ ti lọ sọ́jà, a rìn gba orí afárá. Kò sọ nǹkan kan títí a fi dé àárín ẹ̀. Ló wá bi mí ní Faransé pé Àǹtí, kí ni olódo?

Mo dúró. Ọkadà ń kọjá, wọ́n ń fọn fèrè. Mo nawọ́ sí ìsàlẹ̀ níbi tí omi ti ń lọ, mo ní ẹni tó ni odò ni, ìyẹn, ìwọ lo ni ín.

Ó gbé ojú lé irin afárá, ó wo odò Ògùn dáadáa láti apá kan dé apá kejì. Ó ní ṣé ẹja wà níbẹ̀.